Ẹja, Ata, Wúrà àti Ìbọn: Bí Ọrọ̀ Ilẹ̀ Ṣe Ń Bọ́ Àwọn Agbésùnmọ̀mí

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn tí kò ráyè wá àti àwọn ará ilé wa náà lè rí i kà.)

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó so ọrọ̀ inú ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn agbésùnmọ̀mí, mo mọ̀ pé àwọn kan máa béèrè pé, "Kí ló kan obìnrin ọlọ́jà nínú ìyẹn? Ṣebí ọ̀rọ̀ ìjọba àti sójà ni." Ìbéèrè tó dáa ni, èsì rẹ̀ kò sì gùn. Ẹ wo ẹja gbígbẹ inú páálí, èyí tí à ń pè ní ẹja Maiduguri. Ẹ wo ata gbígbẹ tó ń ti òkè Ọya bọ̀. Ẹ wo màlúù tí àwọn ẹlẹ́ran wa ń pa. Ẹ tiẹ̀ wo wúrà tó wà létí àwọn ìyá tó jókòó síwájú yìí. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó gbé ìbọn lè dúró lójú ọ̀nà èyíkéyìí nínú wọn, kó ní kí ẹlẹ́rù sanwó kó tó kọjá. Tí ẹlẹ́rù bá sì san án, àwa náà la máa san án padà fún un, torí kò sí oníṣòwò tí kì í fi ohun tó ná sórí ẹrù kún iye tó ń tà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá.

ÌBỌN Ń JẸUN

Àwọn àgbà ní, bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèkánná. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbínú tàbí ẹ̀sìn nìkan ló gbé agbésùnmọ̀mí dúró. Òótọ́ ni pé orúkọ ẹ̀sìn kì í kúrò lẹ́nu àwọn mìíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣòwò wò ó. Ọgọ́rọ̀ èèyàn tó ń gbé inú igbó gbọ́dọ̀ jẹun lójúmọ́. Ọ̀kadà wọn ń mu epo. Ọta ìbọn, rírà ni. Ẹni tó fara gbọgbẹ́ nínú wọn ń lo oògùn. Ta ló ń san gbogbo rẹ̀?

Ọ̀nà tí owó fi ń wọlé fún wọn pọ̀. Wọ́n ń jí èèyàn gbé, wọ́n ń ja ilé ìfowópamọ́ lólè, àwọn kan sì wà lókèèrè tó ń fowó ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í tán bọ̀rọ̀ ni ọrọ̀ tí Ọlọ́run fi sínú ilẹ̀ àti inú omi: dáyámọ́ńdì, wúrà, epo rọ̀bì, igi, ẹja, àti ilẹ̀ tó dáa fún oko àti fún ẹran ọ̀sìn. Ẹni tó bá jókòó lé e kò ní láti ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Á ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ṣá ìṣákọ́lẹ̀ fún òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń pè ní Sàró, níbi tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oko ẹrú ti padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta ọdún 1991, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní RUF, tí Foday Sankoh jẹ́ olórí rẹ̀, gba ẹnubodè Liberia wọlé. Ogun náà kò parí títí di ọdún 2002. Wọ́n gé ọwọ́ àwọn tí kò ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n sọ ọmọdé di jagunjagun, ẹ̀mí tó sì ṣòfò lé ní 50,000. Àwọn sójà wa láti Nàìjíríà wà lára àwọn ECOMOG tó lọ bá wọn pa iná ogun náà, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì padà wálé.

Kí ló ń bọ́ ogun náà fún ọdún 11? Dáyámọ́ńdì pọ̀ nínú rẹ̀. Dáyámọ́ńdì agbègbè Kono kò jìn nínú ilẹ̀. Inú yanrìn etí odò ló wà. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì àti asẹ́ lè wà á. Ẹyọ kan tí kò tó èkùrọ́ lè ra ìbọn, èèyàn sì lè fi í sábẹ́ ahọ́n kọjá ibodè. Charles Taylor tó di ààrẹ Liberia ń gba dáyámọ́ńdì lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, ó sì ń fún wọn ní ohun ìjà. Nígbà tó kúrò lórí oyè ní 2003, Calabar níbí ló wá ń gbé. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, wọ́n mú un ní Gamboru-Ngala, ní ẹnubodè ìpínlẹ̀ Borno, níbi tó ti fẹ́ sá gba Cameroon lọ. Ní 2012, ilé ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Sierra Leone dá a lẹ́bi, ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Ṣé dáyámọ́ńdì ló wá burú ni? Rárá o. Botswana gba òmìnira ní 1966, wọ́n sì rí dáyámọ́ńdì ní Orapa ní 1967. Wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀nà, wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, ogun abẹ́lé kankan kò sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Dáyámọ́ńdì tiwọn wà nínú àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ̀rọ ńlá ló ń wà á, kò sí ẹni tó lè fi ṣọ́bìrì jí i gbé lóru. Ìjọba wọn sì dúró tì í.

Ohun mẹ́ta la rí kọ́ níbẹ̀. Ọrọ̀ ilẹ̀ máa ń bọ́ sọ́wọ́ oníbọn nígbà tó bá rọrùn láti wà tàbí láti kó, tó sì rọrùn láti tà. Ìkejì, nígbà tí ibẹ̀ bá jìnnà sí ojú ìjọba. Ìkẹta, nígbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá ń wo ọrọ̀ náà tó ń kọjá níwájú ilé wọn, tí kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí òun la máa fi wo ọ̀rọ̀ ẹja wa.

ẸJA INÚ PÁÁLÍ

Adágún omi Chad wà láàárín orílẹ̀-èdè mẹ́rin: Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon. Ní nǹkan bí ọdún 1963, ó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóòró. Láàárín 1970 sí 1989, ọ̀dá dá léraléra, omi náà sì fà títí ó fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti padà, ó sì máa ń kún, ó máa ń fà, bí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan bá ṣe rọ̀ sí.

Ẹ máa gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé omi ló gbẹ, ìṣẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́, ni wọ́n ṣe gbé ìbọn. Ìṣẹ́ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń bá ibẹ̀ ṣòwò mọ̀. Níbi tí omi ti fà, ilẹ̀ ọlọ́ràá ló fi sílẹ̀, ẹ̀wà, àgbàdo àti ata ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Koríko wà fún màlúù. Ẹja sì wà nínú omi tó kù, àrọ̀ àti èpìyà, débi pé láti Baga, wọ́n á kó o lọ sí Maiduguri, ìrìn bíi 200 kìlómítà, kí ọkọ̀ tó tún kó o láti ibẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Adágún náà kì í ṣe aṣálẹ̀. Ibi ọrọ̀ ni. Ọrọ̀ yẹn sì wà lára ohun tí àwọn agbésùnmọ̀mí fi jókòó síbẹ̀.

Gbogbo wa la ti gbọ́ orúkọ Boko Haram. Maiduguri ni Mohammed Yusuf ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní oṣù keje ọdún 2009, Abubakar Shekau gba ipò rẹ̀, ìpànìyàn sì di ojoojúmọ́. Ní 2014 ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok. Àwọn ìyá tó wà níbí kò ní gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 kan náà tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́. Àwọn oníṣòwò ẹja kan ń lọ sí ilẹ̀ Chad láti lọ ra ẹja. Boko Haram dí ọ̀nà mọ́ wọn nítòsí Doron Baga, wọ́n sì pa 48 nínú wọn. Oníṣòwò ni wọ́n o, bíi tiyín. Owó ìdókòwò ni wọ́n dì sára, wọn kò mú ìbọn dání. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n tún kọlu Baga fúnra rẹ̀, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ọjà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ẹgbẹ́ náà pín sí méjì. Àwọn tó ya kúrò lọ́dọ̀ Shekau, tí wọ́n ń pè ní ISWAP, lọ fìdí kalẹ̀ sí àwọn erékùṣù inú adágún náà. Àwọn wọ̀nyí yí ọgbọ́n padà. Wọ́n rí i pé tí àwọn bá pa gbogbo apẹja tán, kò sí ẹni tó máa pẹja. Wọ́n wá ní kí apẹja sanwó kó tó ju àwọ̀n sómi. Wọ́n ní kí darandaran san lórí ẹran, kí àgbẹ̀ san lórí irè oko, kí ẹlẹ́rù san lórí ẹrù. Ẹni tó bá san, wọ́n máa ń fún un ní ìwé, bíi rìsíìtì tí à ń gbà nígbà tí a bá san owó ìsọ̀. Àwọn kan lára àwọn ará ibẹ̀ sọ pé iye tí wọ́n ń gbà kì í yí padà, àti pé ẹni tó bá san án ń ríṣẹ́ ṣe. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó: níbi tí ìjọba kò sí, ẹni tó ń pa èèyàn lánàá ló di agbowó orí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ má sọ pé mo mọ iye tí wọ́n ń gbà. Ká ní wọ́n gba ₦1,000 lórí páálí ẹja kan, tí ọkọ̀ kan sì kó páálí 500. Owó tí ọkọ̀ ẹyọ kan san nìyẹn, ₦500,000. Tí ọkọ̀ 10 bá kọjá lọ́sẹ̀ kan, ó ti di ₦5,000,000, wọn kò tíì yìnbọn kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó kà, ẹ ti lóye ìdí tí ogun náà fi pẹ́.

ÌJỌBA TI ỌJÀ

Kí ni ìjọba ṣe sí i? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí wọ́n ti ojú ọ̀nà owó náà. Ní 2015, ìjọba Niger fòfin de òwò ata àti ẹja ní agbègbè Diffa tó bá Borno àti Yobe pààlà. Ata tí wọ́n ń gbìn létí odò Komadugu Yobe níbẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní wúrà pupa. Àwọn sójà tiwa náà dí òwò ẹja Baga lọ́wọ́. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti ọjà màlúù nítorí pé ẹran tí Boko Haram jí kó ni wọ́n ń gbà ibẹ̀ tà.

Èrò wọn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó dùn. Àgbẹ̀ aláta tó ti kórè, ata jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó apẹja tó ń yan ẹja kò rí ẹni tà á fún. Awakọ̀ gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fi owó ẹja rán níléèwé padà sílé, ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníbọn ń wá láti gbà síṣẹ́. Ẹrù tí kò lè jókòó sílé wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà. Ta ló mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ju ẹni tó ń gbé inú igbó lọ? Níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ìbọn, ọwọ́ ìbọn ni wọ́n tún kó ẹlẹ́rù lé.

Ẹni tó bá sì ní òun kò san ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ onírẹsì nínú oko nítòsí Zabarmari, kò jìnnà sí Maiduguri. Òkú 43 ni wọ́n sin lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tún rí òmíràn lẹ́yìn náà. Shekau jáde, ó ní nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ mú ọmọ ẹgbẹ́ òun kan fún sójà ni. Shekau ti kú ní 2021, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n tún pa bí 40 àgbẹ̀ ní Dumba, nítòsí Baga. Tálákà ibẹ̀ wà láàárín méjì: ó san, wọ́n ní ó ń bọ́ agbésùnmọ̀mí, kò san, wọ́n pa á.

WÚRÀ ÀTI ÈÉDÚ

Kí ẹ má baà rò pé ti ẹja nìkan ni, ẹ jẹ́ ká yà sí Zamfara. Wúrà ibẹ̀ kò jìn nínú ilẹ̀, bíi dáyámọ́ńdì Kono. Ní 2010, ayé gbọ́ orúkọ Zamfara nítorí àwọn ọmọdé tó lé ní 400 tó kú. Òjé ló wà nínú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nínú ilé láti fi wá wúrà, òun ló di májèlé. Lẹ́yìn náà ni ìbọn gbalẹ̀. Àwọn agbébọn ń jí màlúù, wọ́n ń jí èèyàn, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wa wúrà. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má wa kùsà mọ́ ní Zamfara, kí ọkọ̀ òfuurufú má sì kọjá lókè ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja kéde pé agbésùnmọ̀mí ni àwọn agbébọn wọ̀nyẹn. Òfin tó de wíwa kùsà kò kúrò ńlẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 2024. Gbogbo ọdún yẹn, ìpànìyàn kò dáwọ́ dúró. Òfin wà nínú ìwé, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbọn.

Ní Somalia, èédú ni. Èédú tí à ń fi sun àgbàdo níbí yìí, òun ni ẹgbẹ́ al-Shabaab ń gba owó lórí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ń gé igi lulẹ̀, wọ́n ń sun ún di èédú, ọkọ̀ ojú omi ń kó o láti Kismayo lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí wọ́n ti ń fi yan ẹran. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè kankan má ra èédú Somalia mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń rà ni wọ́n bá wí níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gégi nìkan. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣì ń kó o lábẹ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ilẹ̀ tí wọ́n gé igi rẹ̀ tán kò sì ní koríko fún ẹran mọ́. Ìbọn jẹ owó òní, ó sì jẹ tọ̀la mọ́ ọn.

TA LÓ GBÉ EPO LÁJÀ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Àwọn àgbà ní, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bíi ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ mi kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Ṣé èmi tí mò ń ta ẹja Maiduguri wá di agbepo-lájà nìyẹn? Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

Èsì mi ni pé rárá, ìyá mi. Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹni tó gba epo sílẹ̀ mọ̀ pé olè ni òun ń ràn lọ́wọ́, ó sì ní ìpín nínú rẹ̀. Apẹja tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ìbọn, ẹni tí wọ́n jà lólè ni. Tí gbogbo wa bá kọ ẹja rẹ̀ lónìí, kò ní ríṣẹ́ mìíràn àyàfi èyí tí oníbọn bá fún un. A ti rí i ní Diffa. Ohun tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu ìbọn ni kí ìjọba gba ojú ọ̀nà àti etí omi padà, kí apẹja lè ta ẹja rẹ̀ láìkọ́kọ́ bá oníbọn ṣe àdéhùn. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ létí ìjọba ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò wa: ẹ má ti ọjà, ẹ ṣọ́ ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ká dijú o. Òwe epo yẹn bá àwọn kan wí. Ẹni tó mọ̀ pé màlúù yìí, jíjí ni wọ́n jí i, tó sì rà á nítorí pé kò wọ́n, epo ló gbà sílẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń ra wúrà lóru lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò béèrè ibi tó ti wá, epo ló gbà sílẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Mo ní ohun márùn-ún tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín.

Èkíní, ẹ mọ orísun ọjà yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù wá fún yín: ibo ló ti wá, ta lẹ ti rà á? Ọjà tí kò tó ìdajì iye tí gbogbo èèyàn ń tà á, ẹ fura sí i. Ìfura loògùn àgbà.

Èkejì, ẹ máa gba ìwé, ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀. Láti 2022 ni ìjọba ti ṣe òfin tuntun tó le lórí ìgbésùnmọ̀mí àti owó tó ń bọ́ ọ. Tí ọ̀rọ̀ bá dé, ìwé ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó mú un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí kó fi fún ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú agbésùnmọ̀mí wo gbogbo ará òkè Ọya tó ń bá wa ná ọjà. Àwọn 48 tí wọ́n pa lójú ọ̀nà Chad, ará òkè Ọya ni wọ́n. Àwọn onírẹsì Zabarmari náà ńkọ́? Ará wọn ni ogun yìí kọ́kọ́ bà, kó tó di pé ọjà wọ́n lọ́dọ̀ wa. Tí a bá lé oníbàárà olóòótọ́, a ti bá oníbọn ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àjẹṣẹ́kù wa. Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ọdọọdún fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹrù rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ oníbọn lọ́nà, tàbí tí ìjọba ti ọjà tó ti ń ra ẹrù. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ṣòfò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè má lè dìde mọ́, gbèsè á sì lé e kúrò lọ́jà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé èyí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn ọmọ wa. Ohun kẹta tí mo sọ lórí Sierra Leone, ẹ rántí rẹ̀: ọ̀dọ́ tí kò rí èyí tó kàn án. Kò sí ìlú tí irú wọn kò sí, ọjà tiwa náà ní wọn. Ọmọ tó ń jókòó sí pàákì láti àárọ̀ dalẹ́ láìníṣẹ́, ẹ má fi gégùn-ún. Ẹ kọ́ ọ ní òwò, ẹ fi í sábẹ́ ẹni tó ní ọgbọ́n ọwọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀yin ìyá mi, agbára wa kò tó ti sójà, a kò sì lè lọ gba erékùṣù kankan padà. Ṣùgbọ́n àwa la wà ní ìparí ọ̀nà tí ẹrù ń gbà, a sì mọ iye tí nǹkan ń ná ni ká tó jí lójúmọ́. Ẹni tó mọ iye tí nǹkan ń ná ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tó gba owó náà.

Ọjà á tà o. Èrè á wọlé. Ọ̀nà tí à ń rìn kò ní dí mọ́ wa, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tó ń kó ẹrù wá fún wa náà kò ní rí ìjà ibọn mọ́. Ajé á fi ilé wa ṣe ibùgbé. Ọ̀pọ̀ ọdún la ó jọ ṣe láyé, kò ní dín ẹnì kan.